Aago tí bàbá mi tà: báwo ni mo ṣe lè rí ojúlówó irú rẹ̀ rà, èló ló sì tọ́ kí n san?

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Bàbá mi á pé ẹni ọgọ́rin ọdún nínú oṣù Kọkànlá. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́ ní Abẹ́òkúta, ó tọ́jú owó fún ọdún kan gbáko kó tó ra aago Omega Seamaster kan. Màmá mi ní ó pọ́n bíi wúrà. Ní 1984, nígbà tí owó ìdánwò èmi àti ti ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sí àsìkò kan náà, bàbá bọ́ aago náà lọ́wọ́, wọ́n lọ tà á. Wọn ò sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń rí wọn tí wọ́n ń fọwọ́ pa ọrùn ọwọ́ òsì wọn. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Birmingham níbí. Mo rí ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀gbẹ́ni kan ní Leeds ló ń tà á: Seamaster 1962, aláwọ̀ wúrà, ó ní ojú rẹ̀ mọ́ bíi tuntun, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, 395 pọ́n-ùn. Fọ́tò mẹ́rin tó fi ránṣẹ́ nìyí. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ ra fèkì fún Alhaji. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ojúlówó ni? Ṣé 395 tọ́, àbí ó ti kéré jù?"

Arábìnrin mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín kí n tó ṣí fọ́tò wò. Irú aago tí bàbá yín tà yẹn ti gba abẹ́ ọwọ́ mi kọjá láìmọye ìgbà, ní Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, àti ní London tí mo ti ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí láti 1993. Mo máa dáhùn bí mo ṣe máa dá àbúrò mi lóhùn, torí náà ọ̀rọ̀ náà á gùn díẹ̀.

Tí a bá tú ìbéèrè yín wò, mẹ́ta ni. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá Omega ló ṣe aago náà. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá bó ṣe jáde nílé iṣẹ́ ló ṣe wà dòní. Ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá àgbàlagbà lè máa wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ láì dààmú. Ẹni tó ń tajà sábà máa ń fi ìdáhùn èkíní bo méjì tó kù mọ́lẹ̀. Á ní, "Ojúlówó Omega ni," kò sì ní purọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìbéèrè kejì gan-an ni owó yín ti lè bómi lọ, òun náà ló sì ń sọ iye tó yẹ kí ẹ san.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ẹ̀rù fèkì yẹn kúrò lọ́kàn yín. Nínú gbogbo Seamaster ayé 1950 sí 1970 tí mo ti ṣí, èyí tó jẹ́ ayédèrú látòkè délẹ̀ kò pọ̀ rárá. Omega bẹ̀rẹ̀ Seamaster ní 1948, ọdún tí ilé iṣẹ́ wọn pé ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n sì ṣe é lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n tà á káàkiri ayé. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ayédèrú ẹ́ńjìn inú rẹ̀ á náwó ju iye tí aago náà máa mú wọlé lọ. Ẹ́ńjìn Omega ìgbà náà pọ́n bíi bàbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, wọ́n sì kọ orúkọ ilé iṣẹ́ àti nọ́ńbà irú ẹ́ńjìn náà sí i lára ketekete. Kò ṣòro fún ẹni tó ti rí i rí láti dá a mọ̀. Àwọn oníṣẹ́ fèkì fẹ́ràn Rolex àti àwọn aago tuntun olówó gọbọi jù.

Èyí tó kún ọjà ni ohun tí èmi ń pè ní aago àtòpọ̀. Ojú rẹ̀ lè jẹ́ ti 1958, kí ẹ́ńjìn jẹ́ ti 1966, kí ara rẹ̀ wá láti ara òkú aago mìíràn, kí kókó tí a fi ń wáìǹdì rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n rà lánàá. Gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ Omega, ṣùgbọ́n wọn ò jọ jáde nílé iṣẹ́. Ẹ̀yin náà mọ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí nọ́ńbà ẹ́ńjìn rẹ̀ kò bá ìwé rẹ̀ mu. Ọkọ̀ ni lóòótọ́, á sì gbé yín dé Ṣágámù, àmọ́ kò sí ẹni tó máa san owó ọkọ̀ odindi fún un. Ẹ má sì rò pé àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa aago nìkan ni wọ́n ń rí mú. Ní oṣù Kọkànlá 2021, wọ́n ta Omega Speedmaster 1957 kan ní gbàǹjo ní Geneva, iye rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta owó Swiss. Mùsíọ́mù Omega fúnra wọn ló rà á. Ní 2023, ilé iṣẹ́ náà jáde sọ pé aago àtòpọ̀ ni, àti pé àwọn kan tó ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn rí lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn náà. Tí wọ́n bá lè fi èyí mú àwọn tó ni orúkọ tó wà lójú aago, ẹ má dá ara yín lẹ́bi pé ẹ̀rù ń bà yín.

Ojú aago gan-an ni mo fẹ́ kí a jókòó tì, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yín wà. Bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, omi, òógùn àti ọ̀rinrin máa ń gba ibi kókó àti etí gíláàsì wọlé. Ọ̀dà ojú aago á bẹ̀rẹ̀ sí í dàpá, á ní àmì kéékèèké bíi ti ògiri tí òjò ń bà. Nílẹ̀ wa tí ooru ti ń mú, tí òjò sì ń rọ̀ fún oṣù púpọ̀, ó máa ń yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ayé ọ̀gá mi, tí ojú aago bá ti rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń kùn ún. Ẹni náà á ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò, á fi tuntun sí i, á tún orúkọ Omega àti Seamaster tẹ̀ padà. Oníbàárà á gba aago rẹ̀, á sì dúpẹ́, bí ẹni tí wọ́n bá kun ilé rẹ̀ kí ọdún tó dé. Kò sẹ́ni tó rí i bíi jìbìtì nígbà náà. Lẹ́yìn tí àwọn tó ń kó aago àtijọ́ jọ di púpọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ojú àtètèdá, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀ lára. Lónìí, ojú àtúnkùn lè gba ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú iye aago, nígbà míràn ó lè gba ìdajì. Ohun tí ọ̀gbẹ́ni Leeds fi ń polówó ọjà rẹ̀ fún yín, pé ojú rẹ̀ mọ́ bíi tuntun, òun gan-an ni ohun àkọ́kọ́ tó mú mi fura. Aago tó ti lò tó ọgọ́ta ọdún láyé, tí ojú rẹ̀ kò ní àmì kan ṣoṣo, wà lóòótọ́, àwọn tó sùn sínú àpótí ni. Ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ 395.

Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n nìyí. Ẹ sọ fọ́tò ojú aago náà di ńlá títí ẹ ó fi máa wo lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ní ilé iṣẹ́, òǹtẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ àwọn lẹ́tà náà: tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, etí wọn gún, gbogbo wọn dúró lórí ìlà kan. Ti ẹni tó tún un kùn sábà máa ń sanra, etí lẹ́tà á ràn díẹ̀ bí tádàá lórí bébà tó tutù, àlàfo àárín lẹ́tà kò sì ní dọ́gba. Ẹ tẹ̀ lé àwọn ìlà ìṣẹ́jú káàkiri. Ó yẹ kí gbogbo wọn gùn bákan náà, kí èyí tó wà ní iwájú wákàtí kọ̀ọ̀kan sì bá àmì wákàtí náà mu ní ọ̀gangan. Lẹ́yìn náà ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ 6. Ó yẹ kí ẹ rí SWISS MADE níbẹ̀, kéékèèké. Tí ojú aago bá ní ọ̀dà tó ń tàn lókùnkùn, tí aago náà sì jẹ́ ti ìgbà tí 1960 ti wọlé dáadáa, ẹ sábà máa rí lẹ́tà T ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀rọ̀ náà. Tritium ni T dúró fún, èyí tí wọ́n fi rọ́pò radium, ohun tó ń tú ìtànṣán olóró jáde tí wọ́n ń lò nínú ọ̀dà náà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá ní aago 1952 lòun ń tà, tí T sì wà lójú rẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀ ojú náà. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ nọ́ọ̀sì, mi ò ní pẹ́ nídìí radium: ó máa ń gbà tó 1,600 ọdún kí agbára rẹ̀ tó dín sí ìdajì, nítorí náà èyí tó wà lójú aago àtijọ́ ṣì wà láàyè. Lábẹ́ gíláàsì kò sí wàhálà púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i nínú ilé kó máa ha á.

Ní báyìí, ẹ padà sí fọ́tò kejì tí ẹ fi ránṣẹ́. Kò sí SWISS MADE lábẹ́ 6 rárá. Àwọn ìlà ìṣẹ́jú láàárín 7 àti 8 kúrú ju ti ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Ọwọ́ aago ti ní ipẹtà díẹ̀ lára, bẹ́ẹ̀ ojú tí wọ́n ń yí lé lórí ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú páálí. Ọwọ́ àti ojú yẹn ò dàgbà pọ̀. Wọ́n ti kun ojú aago yìí, ó dá mi lójú. Èyí kò sọ ọ̀gbẹ́ni náà di oníjìbìtì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bó ṣe bá a nílé bàbá rẹ̀ nìyẹn.

Mi ò sọ èyí láti fi hàn pé ojú mi mú ju ti yín lọ. Ọdún kẹrin tí mo dé London, mo ra Seamaster kan lọ́wọ́ oníṣòwò kan, mo ṣe sáfíìsì rẹ̀ dáadáa, mo sì tà á fún oníbàárà mi kan gẹ́gẹ́ bí ojú àtètèdá. Ẹ́ńjìn nìkan ni mo tẹjú mọ́, torí ẹ́ńjìn ni iṣẹ́ mi. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ọkùnrin náà padà wá, ó jẹ́jẹ́ gbé awò kékeré rẹ̀ jáde, ó ní kí n wo lẹ́tà S méjì tó wà lójú rẹ̀. Ìkan tóbi ju ìkejì lọ. Mo dá gbogbo owó rẹ̀ padà, mo sì tọrọ àforíjì. Ó dùn mí ju owó náà lọ, torí ó fọkàn tán mi. Ojú aago yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, òun ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́.

Ẹ̀yìn ojú, inú ni ó kàn. Fọ́tò mẹ́rin ni ọ̀gbẹ́ni náà fún yín, kò sì sí èyí tó fi inú aago hàn. Ẹni tó bá ní aago tó mọ́ lọ́wọ́ lè gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnaago-ṣe, kí wọ́n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó ya fọ́tò. Ohun méjì ni ẹ máa wá níbẹ̀. Nínú ìdérí ẹ̀yìn, ẹ máa rí nọ́ńbà irú aago náà. Láti nǹkan bí 1962, Omega bẹ̀rẹ̀ sí í lo nọ́ńbà mẹ́fà tó ní àmì ìdánudúró kan láàárín, nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ sì ń sọ irú aago tó jẹ́. 165 jẹ́ ọ̀tọ́mátíìkì (aago tó ń wáìǹdì ara rẹ̀ bí ọwọ́ ṣe ń mì) tí kò ní déètì, 166 ní déètì, 135 sì jẹ́ èyí tí a ń fọwọ́ wáìǹdì. Fún àpẹẹrẹ, tí ẹ bá ṣí 165.002, ẹ́ńjìn 552 ló yẹ kí ẹ bá níbẹ̀. Tí ìdérí bá sọ 135, tí ẹ sì bá ọ̀tọ́mátíìkì nínú rẹ̀, aago méjì ni wọ́n ti sọ di ọ̀kan. Ohun kejì ni nọ́ńbà tó wà lára ẹ́ńjìn fúnra rẹ̀. Tẹ̀léǹtẹ̀lé ni Omega ń fún ẹ́ńjìn ní nọ́ńbà: wọ́n dé mílíọ̀nù 10 ní nǹkan bí 1944, wọ́n sì dé mílíọ̀nù 20 ní nǹkan bí 1963. Aago tí wọ́n pè ní 1962 kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí 19 tàbí 20 mílíọ̀nù. Tí ẹ bá rí 25 mílíọ̀nù, a jẹ́ pé ẹ́ńjìn náà kéré lọ́jọ́ orí ju ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ fiyè sí i o, nọ́ńbà nìkan kì í jẹ́rìí. Aago tí nọ́ńbà rẹ̀ pé rẹ́gí ṣì lè ní ojú àtúnkùn, bí mo ṣe kọ́ ọ nínú ìjìyà.

Ara aago náà ní ìtàn tirẹ̀. Tí wọ́n bá ń fi ẹ̀rọ ha ara aago kó lè máa dán ní gbogbo ìgbà tó bá dé ọ̀dọ̀ atúnaago-ṣe, apá mẹ́rin tí awọ so mọ́ á máa tín-ín-rín, etí rẹ̀ tó mú á di róbótó bí ọṣẹ tí a ti lò. Lẹ́yìn púpọ̀ nínú Seamaster láti ìparí 1950, wọ́n gbẹ́ ẹranko kan tó ní orí ẹṣin àti ìdí ẹja. Tí ìrù ẹranko náà bá ti parẹ́, wọ́n ti ha á jù. Lórí gíláàsì oníróbà ti Omega, àmì ilé iṣẹ́ kékeré kan wà láàárín gbùngbùn tí ẹ ò ní rí àyàfi tí ẹ bá gbé e síbi iná. Àìsí rẹ̀ kò ba nǹkan jẹ́, torí gíláàsì jẹ́ ohun tí a ń pààrọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kókó tí kò ní àmì Omega, ẹ kàn lè fi bẹ owó náà wálẹ̀ ni. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ń sá fún tí èmi fẹ́ràn: aago tí ilé iṣẹ́ gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí lẹ́yìn láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó ti lo ọdún 25. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ́n pọ̀ gan-an. Àwọn tó ń kó aago jọ kò fẹ́ orúkọ ẹlòmíràn lẹ́yìn aago wọn, nítorí náà owó rẹ̀ máa ń wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ni ín sábà máa ń tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ ìmúròde nìkan. Ojú rẹ̀ sì máa ń jẹ́ àtètèdá.

Ọ̀rọ̀ wúrà yẹn. Oríṣi méjì ni Seamaster tó ń pọ́n. Èyí tó pọ̀ jù jẹ́ irin tí wọ́n fi wúrà bò. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, tó bá sì ti pẹ́, wúrà á ṣí ní ṣóńṣó apá mẹ́rin yẹn àti ní ẹ̀gbẹ́ kókó, irin á yọjú. Ti ọ̀gbẹ́ni Leeds wà nínú èyí, fọ́tò kẹrin fi ẹ̀yìn funfun hàn kedere, ẹ má jẹ́ kó gba owó wúrà lọ́wọ́ yín. Èkejì jẹ́ wúrà gidi. Ó lè dùn mọ́ yín pé ìlú tí ẹ wà yẹn ni wọ́n ti ṣe ara púpọ̀ nínú wọn fún ọjà Gẹ̀ẹ́sì: ilé iṣẹ́ Dennison ní Birmingham, tó kógbá wọlé ní 1967, ló ń ṣe ara wúrà kárátì 9 fún Omega. Ẹ ṣí ẹ̀yìn irú rẹ̀, ẹ máa rí orúkọ Dennison, 375 tó dúró fún kárátì 9, àti àwòrán ìdákọ̀ró tó jẹ́ àmì ìlú Birmingham lórí wúrà. Èyí tí wọ́n bò tàbí èyí tó jẹ́ wúrà gidi, èwo ni bàbá yín tà? Owó olùkọ́ ọdún kan ṣeé fura sí pé èyí tí wọ́n bò ni, àmọ́ bàbá fúnra wọn ló lè sọ.

Ó kan owó. Ẹ má wo iye tí àwọn èèyàn ń pè é, ẹ wo iye tí wọ́n ti tà á. Lórí eBay, ibì kan wà tí ẹ lè tẹ̀ kó fi kìkì àwọn tí wọ́n ti tà hàn yín, ẹ wo bíi ogún nínú wọn, ojú yín á là. Láàárín ọdún méjì yìí, Seamaster ọ̀tọ́mátíìkì onírin tàbí tí wọ́n fi wúrà bò, ojú àtètèdá, tí wọ́n ti ṣe sáfíìsì rẹ̀, tó sì ní gàráńtì, mo ń rí wọn láàárín 600 sí 900 pọ́n-ùn. Èyí tí wọ́n ti kun ojú rẹ̀, tí kò ní sáfíìsì, 250 sí 350 ni èmi máa ń rà á. Kárátì 9 ń tẹ̀ lé iye wúrà lọ́jà, ó sì ti gbẹ́nu sókè gan-an. Ẹ wá ṣe ìṣirò ti Leeds. 395 ni owó rẹ̀. Ó ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kò sọ ìgbà tí wọ́n ṣí i gbẹ̀yìn. Òróró inú aago máa ń gbẹ, aago á sì máa rìn lórí gbígbẹ, irin á máa jẹ irin, láìjẹ́ pé ẹni tó wọ̀ ọ́ mọ nǹkan kan, títí ọjọ́ tó máa dúró. Sáfíìsì tó péye lọ́dọ̀ èmi jẹ́ 280, tí kò bá sí ohun tó kú nínú rẹ̀. Ó di 675, lórí aago tí ojú rẹ̀ kì í ṣe ti ilé iṣẹ́. Kò kéré jù láti jẹ́ òótọ́, arábìnrin mi, ó ti pọ̀ jù fún ohun tó jẹ́.

Ibo ni kí ẹ ti wá rà? Èmi á ní lọ́wọ́ oníṣòwò kékeré tó ń tún aago ṣe fúnra rẹ̀, tó sì ń fúnni ní gàráńtì ọdún kan. Ẹ máa san ju ti ẹni tó ń tà nílé lọ, ṣùgbọ́n òun ló ti gbé ìnáwó sáfíìsì. Òfin Gẹ̀ẹ́sì sì fún yín ní ọjọ́ 14 láti dá ohun tí ẹ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ oníṣòwò padà. Ẹni tó kàn ń ta ohun ìní ara rẹ̀ kò sí lábẹ́ òfin yẹn, bóyá irú ọ̀gbẹ́ni Leeds nìyẹn. Gbàǹjo dára fún ẹni tó mọ̀ ọ́n wò, ṣùgbọ́n owó tí ilé gbàǹjo máa gbà lé iye tí ẹ pè lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé èyí nígbà tí ara bá ti ń gbóná. Ẹ lè ní kí wọ́n bá yín wá a nílé, ní Èkó tàbí Abẹ́òkúta. Mo ti rí aago tó dára jáde láti inú àpótí ìyá àgbà, àmọ́ ooru àti ọ̀rinrin kò ṣàánú ojú aago, àwọn ẹ̀yà ara tí a nílò láti fi tún un ṣe sì wọ́n níbẹ̀. Tí ẹ bá rí aago àtijọ́ tí ojú rẹ̀ ní àwọ̀ osàn tàbí búlúù tó ń pariwo, ní owó pọ́ọ́kú, pàápàá Seiko 5, ojú tuntun ni wọ́n sábà máa ń kùn sí i. Seiko 5 gidi kì í ṣe aago yẹpẹrẹ o, ọ̀pọ̀ bàbá wa ló wọ̀ ọ́ láyọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni bàbá yín tà.

Ẹ jẹ́ ká wá ro ti Alhaji fúnra wọn. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún lóòjọ́ ni wọ́n ń ṣe àlùwàlá. Lóòótọ́ ni wọ́n ṣe Seamaster kó lè dènà omi, ṣùgbọ́n róbà inú rẹ̀ ti le, ara rẹ̀ ti jẹ. Kódà tí mo bá pààrọ̀ róbà, mi ò lè fi ẹnu mi sọ pé kí ẹnikẹ́ni rì í bọ omi. Wọn gbọ́dọ̀ máa bọ́ ọ kí wọ́n tó gbé kẹ́tùlù. Tí ẹ bá mọ̀ pé wọ́n á máa gbàgbé, ẹ bá ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn sọ ọ́. Èkejì, ọ̀tọ́mátíìkì ń jẹun láti ara ọwọ́ tó ń mì. Àgbàlagbà tó ń jókòó pẹ́ lè rí i pé aago dúró lóru. Kò bàjẹ́, kí wọ́n fi ọwọ́ wáìǹdì rẹ̀ ní ìgbà bí ogún láàárọ̀, ẹ́ńjìn 552 gbà bẹ́ẹ̀. Èyí tí a ń fọwọ́ wáìǹdì nìkan tilẹ̀ lè bá wọn lára mu jù, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ìgbà yẹn nìyẹn, owó rẹ̀ sì máa ń dín díẹ̀. Èyí tí kò ní déètì ni mo máa yàn fún wọn, kò ní sí pé wọ́n ń yí i kiri lọ́jọ́ kìíní oṣù. Kó yára tàbí kó fà sẹ́yìn ní ìlàjì ìṣẹ́jú lóòjọ́, ẹ má bínú sí i, ọjọ́ orí rẹ̀ ni. Kí wọ́n má sì gbé e lé orí fóònù lóru, torí mágínẹ́ẹ̀tì inú fóònù máa ń mú kó sáré.

Ohun tó wà níwájú yín báyìí kò ju méjì lọ. Ẹ kọ̀wé sí ọ̀gbẹ́ni Leeds tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ ní kó ya fọ́tò ẹ́ńjìn àti inú ìdérí ẹ̀yìn fún yín, kó sì sọ bóyá wọ́n ti kun ojú rẹ̀ rí. Tó bá sọ òótọ́, tí nọ́ńbà bá pé, tó sì gbà kí ẹ san 280, ẹ lè rà á kí ẹ sì wá owó sáfíìsì rẹ̀ lọ́tọ̀, torí bàbá ò ní gbé awò lé e. Tó bá kọ̀ láti ṣí i, ẹ fi í sílẹ̀. Èkejì ló ṣe pàtàkì jù: ẹ wá fọ́tò àtijọ́. Láàárín ọdún tí wọ́n rà á àti 1984, kò ní ṣàìsí àwòrán ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ tàbí ọdún iléyá kan tí ọwọ́ òsì wọn hàn nínú rẹ̀. Mo ti fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ mọ irú aago tí wọ́n wọ̀ rí, láti ara ìrísí apá mẹ́rin rẹ̀ àti bí àmì wákàtí ṣe gùn tó. Ẹ bi màmá bóyá ojú rẹ̀ funfun tàbí dúdú, bóyá déètì wà níbẹ̀, bóyá wọ́n máa ń wáìǹdì rẹ̀ láàárọ̀. Kí ẹ má bi Alhaji o, wọ́n á fura. Oṣù Kọkànlá ṣì jìnnà díẹ̀. Tí fọ́tò náà bá dé, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Mo lè sọ fún yín ohun tí mo bá rí lójú aago, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìn gbọ́dọ̀ dé orí tábìlì kí n tó lè sọ̀rọ̀ lé e lórí.